Ìpàdé Sátidé: ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gígún

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.

A ó pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ní Òkè-Fìà níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé ọmọ kan wá tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀: abẹ́rẹ́ ìdí ló ba iṣan sciatic rẹ̀ jẹ́, ìyẹn iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ojú ìyá rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà, a ó jọ wọn ojú ibi tó yẹ ká gún lára itan ọmọdé, dípò ìdí.

Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò padà. Inú àpótí tí a ń da abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí ni kó bọ́ sí tààrà.

Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ká lè mọ iye síríǹjì tí a ó rà.

Akọ̀wé yín