Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí ọjà pọ́ọ́kú tó ń ti òkè òkun wá

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi fóònù hàn wá, pé iye tí ṣájà ń lọ lórí AliExpress tàbí Temu, àwọn ìkànnì ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kéré gan-an sí iye tí à ń tà á. Ẹ ní kí ló dé? Ìbéèrè yín tọ́, ó sì yẹ kí ẹ gba èsì tí kò ní àbùlà.

Lóòótọ́, à ń fi èrè lé ọjà wa. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ọjà náà, tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn, ni púpọ̀ nínú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń jáde, alágbàtà ò pọ̀ láàárín. Tó bá jẹ́ àpò fóònù tàbí irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń tú fóònù, ẹ rà á níbẹ̀ tí ẹ bá lè ní sùúrù. Bó bá bàjẹ́, owó kékeré ló lọ. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àtijọ́ míì sì wà tí a kì í rí níbòmíì (àwa náà ń rà á níbẹ̀).

Ohun tó bá ti kan iná ló ń bà wá lẹ́rù. Iná ara ògiri lè tó fóólìtì 230. Èyí tí ṣájà kékeré ń gbé fún fóònù kò ju 5 lọ. Àlàfo mílímítà díẹ̀ àti ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló pààlà sáàárín méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń wá bí owó ṣe máa dín ti ń fún àlàfo yẹn pọ̀, á sì yọ fíùsì kúrò. Fóònù á ṣì máa gba iná dáadáa, títí iná ògiri á fi rí ọ̀nà dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Àmì CE (tó ń sọ pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu) tí ẹ rí lára rẹ̀ kò ní kí ọkàn yín balẹ̀, torí ẹni tó ṣe irú ẹrù yìí fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Ti páwà báǹkì tún le jù: bí ohun tó ń dá iná dúró nígbà tí bátìrì bá kún kò bá sí nínú rẹ̀, ó lè gbiná nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Mẹ́mórì kádì tí wọ́n kọ 1TB (àyè tó tóbi gan-an) sí lára, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, irọ́ ni wọ́n kọ́ ọ láti pa fún kọ̀ǹpútà. Á gba gbogbo fọ́tò yín, orúkọ wọn á hàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí wọn, òfìfo ni. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti fún ẹni tó tà á ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ rẹpẹtẹ kò fi tàn wá mọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, á tú àṣírí irú kádì bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má gbàgbé owó aṣọ́bodè. Láti Oṣù Keje 2021 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń gba owó-orí VAT lórí ẹrù kékeré pàápàá. Amẹ́ríkà náà fòpin ní Oṣù Kẹjọ 2025 sí àyè tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ wọlé láìsan owó aṣọ́bodè.

Bí ẹ bá rà á síbẹ̀, ẹ má san owó níta ìkànnì tí ẹ ti rà á, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á bẹ̀ yín tó. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú ẹrù náà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pé ẹ ti rí i gbà, ẹ gbé e wá: a ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀, bí kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa jáde.