Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ sí Memphis

Àjàní ọmọ mi,

Bàbá rẹ ló sọ fún mi pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta fẹ́ wa mọ́tò láti Chicago lọ sí Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee, pé torí orin àti bábíkíù lẹ ṣe ń lọ. Inú mi dùn sí i gan-an. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kára bíi tìẹ yẹ kó jáde lọ rí ayé. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o jẹun tán, kó o ya fọ́tò tán, kó o padà wálé láìmọ ilé ẹni tó o lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú yẹn ti ṣe wá lóore, àwa tá a gbéra láti Ìbàdàn wá síbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ mọ́tò kúrò ná. Ọ̀nà náà lé ní 500 máìlì. Ẹ tètè jí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà márosẹ̀ I-57 lẹ máa gbà la gbogbo ilẹ̀ Illinois já, títí dé Cairo níbi tí odò Ohio ti ń wọnú odò Mississippi, lẹ́yìn náà Missouri, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí I-55 ní Sikeston, kẹ́ ẹ gba Arkansas, kẹ́ ẹ sì gba orí afárá wọ Memphis. Ìrìn wákàtí mẹ́jọ ni, yàtọ̀ sí ibi tẹ́ ẹ bá ti yà. Ẹ máa gba mọ́tò wà lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tó bá ti ń yán, kó sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ pa rédíò, ẹ tan iná inú mọ́tò bó bá jẹ́ alẹ́, kí ẹni tó ń wà á gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Kó tó nawọ́ mú láísẹ́ńsì, kó kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Ẹ má bá a jiyàn lójú títì. Bó bá tiẹ̀ rẹ́ yín jẹ, kóòtù wà fún ìyẹn. Ní ti igbó mímu, mi ò ní fọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ: òfin fàyè gbà á ní Illinois, ọ̀ràn ni ní Tennessee. Wóró kan kò gbọdọ̀ sí nínú mọ́tò yẹn, ì báà jẹ́ tìẹ, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ. Bẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀hún, ẹ má fi báàgì kankan sílẹ̀ nínú mọ́tò, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àjàní, Ida B. Wells Drive tó o máa ń gbà láàárín ìgboro Chicago, ṣé o ti béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Memphis ni obìnrin náà ti ń tẹ ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1892, àwọn òyìnbó pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta níbẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀bù wọn tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òyìnbó kan ládùúgbò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni ọ̀kan nínú wọn, Thomas Moss. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà síta bó ṣe rí, ni wọ́n bá ba ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́, wọ́n ní àwọn máa pa á bó bá tún fẹsẹ̀ kan Memphis. Chicago ló wá fi ṣelé, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1931. Ère rẹ̀ wà ní Beale Street láti ọdún 2021, níbi tẹ́ ẹ ti máa lọ gbọ́ orin. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé ọtí.

Òun nìkan kọ́ ló rin ọ̀nà yẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di 1970, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú ló fi ìhà gúúsù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Mississippi ló wọ rélùwéè gba Memphis wá sí Chicago, wọ́n sì gbé orin wọn dání. Ìyá àgbà kan tá a jọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ọmọ Mississippi ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò nínú yìnyín, òun ló ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi nílé nígbà tí mo bí ọ, tí ìyá mi kò rí físà gbà wá. O jẹ oúnjẹ rẹ̀ kó o tó jẹ àmàlà. Torí náà, ọ̀rọ̀ burúkú tí àwọn kan nínú wa máa ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, èyí tó o ti gbọ́ lóde àríyá wa, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ ọ́, bá a wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ tó jẹ ohunkóhun, ẹ lọ sí Lorraine Motel ní Mulberry Street. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1968, òjò ń rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí wọn. Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fún wọn pa. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù náà, nǹkan bí 1,300 òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé pátákó tó ń sọ pé ọkùnrin ni àwọn, ìyẹn ni pé àwọn kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Nítorí tiwọn ni Martin Luther King ṣe wá sí Memphis. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ni wọ́n yìnbọn pa á níwájú yàrá 306 ní Lorraine yẹn. Láti ọdún 1991 ni ibẹ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ má sáré jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn níbẹ̀ nìyí. Kí òfin ìwọ̀lú tuntun ti ọdún 1965 tó jáde, àwọn ará Yúróòpù ni òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ṣí ilẹ̀kùn fún, díẹ̀ bíńtín ló kù fún ará Áfíríkà. Ìjà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jà, tí ajá ọlọ́pàá ń bù wọ́n jẹ, tí wọ́n ń sùn sẹ́wọ̀n, òun ló dójú ti òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà títí ìjọba fi yí òfin ìwọ̀lú náà padà. Inú òfin 1965 yẹn ni físà èmi àti bàbá rẹ ti jáde. Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo dé, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mo ń sọ ọ́ fún ìwọ.

Lorraine yìí kan náà ni àwọn olórin Stax, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Memphis, máa ń jókòó sí kọ orin, torí ibẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó ti lè jọ jókòó láìsí wàhálà. Ẹ ti ibẹ̀ lọ sí East McLemore, níbi tí Stax wà. Ilé sinimá àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé ìgbohùnsílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi ti ilé sinimá, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ohùn orin wọn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni Otis Redding àti Isaac Hayes ti kọrin. Wọ́n wó ilé náà lọ́dún 1989, èyí ń dùn mí títí dòní, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́ sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì ṣí i bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 2003. Ẹ máa rí odidi ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan tí wọ́n gbé wá láti Mississippi sínú rẹ̀. Ẹ jókòó níbẹ̀ díẹ̀. Bí àyè bá gbà yín, ẹ lọ wo ilé olórin Elvis Presley ní Graceland. Bí kò bá gbà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Oúnjẹ wá kù. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni bábíkíù Memphis, pàápàá ìhà àti èjìká. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ olómi tàbí gbígbẹ. Olómi ni wọ́n ń kun ọbẹ̀ tòmátì àti fínígà sí. Gbígbẹ ni wọ́n ń fi ata pupa, iyọ̀, aáyù àti èlò mìíràn pa lára bí àwọn onísùyà ṣe ń fi yajì pa ẹran. Gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, torí ọbẹ̀ lè bo àṣìṣe asè mọ́lẹ̀. Igi hickory tàbí èédú ni wọ́n fi ń yan án, iná rẹ̀ kì í sì í jó fòò. Èjìká lè wà lórí ààrò fún wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣan inú rẹ̀ tó yọ́. Bí wọ́n bá gbé ìhà síwájú rẹ, gé ọ̀kan wò: lábẹ́ èèpo dúdú rẹ̀, wàá rí ìlà pupa kan tó yí ẹran ká. Èéfín ló ṣe é, kì í ṣe pé kò jiná. Ibi tó o bá gé jẹ nìkan ló yẹ kó kúrò lára egungun. Èyí tó bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù lórí iná.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ní Cozy Corner, tí ìdílé kan náà dá sílẹ̀ lọ́dún 1977 tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń yan adìyẹ kékeré níbẹ̀ odindi, ìyẹn á wúlò fún ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, àmọ́ kó béèrè bóyá ààrò kan náà ni wọ́n fi ń yan ẹlẹ́dẹ̀, kó tó pinnu. “Mà” àti “sà” tí a kọ́ ọ nílé, gbogbo àgbàlagbà tó bá dá ọ lóhùn ní Memphis ni kó o lò ó fún. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi mọ̀ níbẹ̀ náà.

Ní Beale Street lálẹ́, ẹni tó máa wa mọ́tò kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí rárá. Ẹ fi owó sínú garawa àwọn olórin, owó tó nítumọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń náwó fún onílù ní àríyá wa, ẹ má lọ dúró níwájú àgbà onígìtá kẹ́ ẹ kàn máa ya fídíò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ lọ sí Full Gospel Tabernacle, ìjọ tí olórin Al Green dá sílẹ̀. Ẹ wọ aṣọ gidi, ẹ fi ọrẹ sílẹ̀, ẹ má gbé fóònù sókè. Ìsìn Ọlọ́run ni, kì í ṣe eré. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ jókòó títí wọn á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ má wa mọ́tò wálé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti fi owó yàrá ọjọ́ kan sí i ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ, ẹ sùn, kẹ́ ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Pè mí bẹ́ ẹ bá ti sọdá afárá, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni mo wà.

Ọlọ́run á mú yín lọ, á sì mú yín bọ̀ láyọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.