Ìda ni mo ní kí ẹ fi pa mọ́tò mi lára, ẹ bó o láwọ

Òkè-Àdó, Ìbàdàn
Ọjọ́ 13, oṣù Ṣẹrẹ, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé iṣẹ́ tó ń fọ mọ́tò tó sì ń mú un dán,
Ring Road, Ìbàdàn.

Alàgbà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ MỌ́TÒ DÚDÚ TÍ MO GBÉ WÁ BÁ YÍN LỌ́JỌ́ 14, OṢÙ Ọ̀PẸ̀, 2024

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá ní Sẹkitéríàtì Agodi kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì mọ ibi tí lẹ́tà ẹ̀sùn máa ń sùn sí. Nítorí náà ni màá ṣe ní kí ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà yín fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún mi pé òun gba èyí. Ẹ má bá a wí, èmi ni mo ní kó ṣe é.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wa tòkunbọ̀ kan náà, títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi dípẹtà, tí òrùlé rẹ̀ sì ń bó bí ara alángbá. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jáde, àwọn ọmọ fi díẹ̀ kún un, a ra tíà-rọ́bà nínú oṣù Ọ̀wàrà. Dúdú ni mo mú. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kun mọ́tò ní Gate kìlọ̀ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò dúdú kì í bo àṣírí o." Mo ní dúdú náà ni mo fẹ́.

Igi fúrúùtù kan wà níwájú ilé wa tí àwọn àdán ti sọ di búkà. Ohun tí àdán bá yà sórí mọ́tò lóru, tí oòrùn wá yan án títí di ọ̀sán, ojú ibẹ̀ á ti jẹ kí èèyàn tó nù ún. Ọyẹ́ náà sì ti ń kan ilẹ̀kùn, eruku tó ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Chad kì í ṣe àtíkè, iyanrìn tó kúnná ni. Àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ìda pa mọ́tò náà lára kí ọyẹ́ tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe é, iṣẹ́ ọdún kò jẹ́ kó ráyè, ni mo bá gbé e tọ̀ yín wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ nídìí káńtà: kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ pa ìda sí i lára, ó tán. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: fífọ̀ àti wax, ọwọ́ ni kí wọ́n fi ṣe é, ₦15,000. Rìsíìtì náà wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo fẹ́ máa gbé mọ́tò lọ ni wọ́n fún mi ní òmíràn, full polish, ₦45,000. Wọ́n ní àwọn kúkú bá mi ṣe é dójú àmì, pé ìda lásán kì í pẹ́ lára mọ́tò. Mọ́tò náà ń dán gbinrin, mo rí eyín ara mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì sanwó. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Nǹkan kan tún wà tí mo rí tí mi ò sọ. Yàrá ìdúró yín ni mo jókòó sí, ẹ fún mi ní omi tútù, ẹ ṣeun. Fóònù mi dún, mo jáde síta kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí mọ́tò mi gbé ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, irun àgùntàn roboto sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Bó ti fẹ́ fa wáyà rẹ̀ kọjá lábẹ́ táyà, irun náà tú, ó já bọ́ sórí iyanrìn. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n lára ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lẹ̀ ẹ́ padà, iṣẹ́ ń lọ. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo ní àwọn tó mọṣẹ́ ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àánú ọmọ náà sì tún ṣe mí, òógùn ti bò ó. Ká ní mo ti pariwo lọ́jọ́ náà ni, bóyá lẹ́tà yìí ì bá kúrú.

Lọ́jọ́ 31, oṣù Ọ̀pẹ̀, ọmọ ọmọ mi fọ mọ́tò náà nílé nítorí àìsùn ọdún tuntun. Ọṣẹ mọ́tò ló fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, omi sì pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí omi kàn án látìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Lóru, mo gbé e sábẹ́ iná ńlá tí ṣọ́ọ̀ṣì gbé kọ́ síwájú ọgbà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, ara mi bù máṣọ. Gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì kún fún ìlà tín-ín-rín tó ń yí po, àfi bí ẹni pé aláǹtakùn ta okùn yí iná náà ká. Mo sún sọ́tùn-ún, àwọn ìlà náà bá mi sún. Ti ara ilẹ̀kùn kò yí po ní tirẹ̀, òjìji gbọọrọ gbọọrọ ni, bí ipa ọwọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó ń yọjú, ó ń sá pamọ́, bí mo bá ti ń rìn lọ rìn bọ̀. Pásítọ̀ ń ka ìṣẹ́jú tó kù kí ọdún wọlé, èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ara mọ́tò.

Ilẹ̀ mọ́, mo wò ó tinútẹ̀yìn. Lápá ọ̀tún bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí irin ti ṣe ìgun, ojú kan wà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí kò dán mọ́ rárá, ó ṣú bí ìdí ìkòkò. Nínú àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú, nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ ibẹ̀. Mo fi igi ìtayín họ ọ́ jáde, mo fi ọmọ ìka méjì rin ín, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí eruku sánpépà. Mo dì í sínú ọ̀rá, ó wà pẹ̀lú rìsíìtì.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń tẹnu mọ́ ọn pé wax nìkan làwọn lò. Ọ̀gá mi, ìda kì í ha nǹkan. Carnauba tí wọ́n kọ sára agolo ìda tó wà lórí pẹpẹ yín, ara ewé igi kan tó jọ ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Igi náà ló fi ń bo ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Orí ọ̀dà ló máa ń jókòó sí, tó bá ti tó oṣù méjì, mẹ́ta, á ti lọ, èèyàn á pa òmíràn. Ráábìn, èyí tí àwọn akunmọ́tò fi ń ha ojú ọ̀dà kó lè dán, ni ẹ lò. Lẹ́búlẹ́bú líle ló wà nínú ráábìn, ọmọ ìyá sánpépà ni, ọ̀dà ló sì ń jẹ. Ó níbi tó wúlò sí. Tòkunbọ̀ mi àtijọ́ ì bá dúpẹ́ tó bá rí i nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n kí ni ráábìn ń wá lára mọ́tò tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó jáde? Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òróró inú nǹkan wọ̀nyí máa ń dí ojú ọgbẹ́ títí ọṣẹ á fi kàn án. Òun ló jẹ́ kí mọ́tò dán lọ́jọ́ 14, tó fi di ohun tí mo rí lọ́jọ́ 31.

Àbúrò mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bá àwọn tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ yẹ mọ́tò wò. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju fóònù àtijọ́ lọ, tí wọ́n ń gbé lé ara páànù láti wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Òun ni wọ́n fi ń mọ mọ́tò tó ti forí gbá nǹkan rí tí wọ́n tún kùn. Lórí òrùlé mọ́tò mi, tí ọwọ́ ọmọ yín kò tó dáadáa, ó ka 118 máíkúrọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan). Ilẹ̀kùn, 110 àti 107. Àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, 101. Ojú ibi tó ṣú yẹn, 79. Mo ní kó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n, 79 náà ni.

Akọ̀wé ni mí, ìwé ni màá fi ṣàlàyé. Gbogbo ọ̀dà mọ́tò tuntun, láti ara irin dé òkè pátápátá, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ewé ìwé kan tí a ń kó sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. Nínú ìnípọn yẹn náà la ti máa rí èyí tó ń lé ìpẹtà, èyí tó lé e lórí, àwọ̀ dúdú fúnra rẹ̀, àti kílíà tí kò láwọ̀ tó bò wọ́n lórí. Kílíà yìí ló ń dán, òun náà ló ń gba oòrùn sára kó má baà kan àwọ̀. Bíi 40 sí 50 máíkúrọ́ọ̀nù ni tiẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹ yọ 79 kúrò nínú 118, kí ẹ wo ohun tó kù fún mi níbẹ̀. Òrùlé tòkunbọ̀ mi tó bó, kílíà rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ọdún mẹ́wàá ó lé ni oòrùn sì fi ṣe é. Ẹ̀yin fi wákàtí méjì ṣe tiyín.

Lọ́jọ́ 3 oṣù yìí, mo wá. Máníjà yín pè mí ní Mọ́mì títí etí mi fi kún, ó ní mọ́tò dúdú ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé mọ́tò dúdú máa ń fi ọgbẹ́ hàn, àmọ́ kì í ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó ní àwọn á tún wax pa sí i lára lọ́fẹ̀ẹ́. Àtíkè lójú onírorẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mi ò dá a lóhùn, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn tún bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn. Mo rò pé inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà, mi ò sì ní í gbà. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò, inú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 140 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń yan ọ̀dà, kí wọ́n tó kó ìjókòó àti ike sínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ yan án bẹ́ẹ̀ fún mi ní Ring Road? Àti pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà á, ẹ̀rọ kékeré yẹn á ka iye tó lé téńté lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ rà á á ní mo ti fi kọlu nǹkan, á sì gé owó. Ta ni màá wá máa sọ ìtàn ráábìn fún?

Owó mi ₦45,000 ni mò ń béèrè, gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹ ṣe èyí tí mi ò bẹ̀ yín, èyí tí mo bẹ̀ yín, mi ò rí i. Kí ẹ tún san owó ẹni tí èmi fúnra mi bá yàn, tó máa fi fọ́ọ̀mù múlọ́múlọ́ àti ẹ̀rọ tó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dín òjìji ara ilẹ̀kùn àti búútù kù, torí ọ̀dà ibẹ̀ ṣì lè gbà á. Ní ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Ọ̀rá aláìláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò ni mo fẹ́ kí ẹ san owó rẹ̀, kó lè máa gba oòrùn dípò kílíà tí ẹ họ lọ. Mo ti béèrè iye tí méjèèjì jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ìwé wọn wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú rìsíìtì méjèèjì àti àwòrán mẹ́sàn-án. Mi ò fi kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rìsíìtì yín pé owó tó bá ti wọlé kò ní í jáde mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n kọ ọdún 2018 mọ́ orúkọ rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ kò bá rí bó ṣe yẹ, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá iye tó bá tọ́ padà nínú owó rẹ̀. Ọjọ́ 14 ni mo fún yín, láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni lẹ́tà mi kejì ń lọ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọjọ́ nìkan ni mi ò tíì fi sí i.

Ọmọkùnrin tó ṣiṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Òun ló bá mi gbé àpò dé ìdí mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mo na owó sí i, kò gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ohun tó bá bọ́ sórí iyanrìn kì í padà sára mọ́tò, kò sì jọ pé ẹ fún un ní irun kejì tó lè fi pààrọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan wá wo mọ́tò náà nílé, kó wá lẹ́yìn aago méje alẹ́, kó sì mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa dání. Tó bá wá lọ́sàn-án, abẹ́ ibòji igi fúrúùtù ló máa bá a, á sì ní òun ò rí nǹkan kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, ìyá onímọ́tò dúdú