Ẹ pe àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ wọ ilé-ìwé

Olóòtú,

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà máa yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Sólà wà níbẹ̀, aṣọ rírán wà níbẹ̀, títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, oge ṣíṣe, ohun ọ̀sìn àti ọ̀gbìn náà ò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni gbogbo wọn.

Ta ni yóò wá kọ́ wọn? A ti ń bá irú èyí bọ̀. Ní 2011, iṣẹ́ 34 ni wọ́n kó wọ ètò ẹ̀kọ́ girama àgbà, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe ìdánwò ní 2014. Ẹ bi àwọn ọmọ ìgbà náà. Ohun tí tíṣà tó wà nílẹ̀ bá lè kọ sójú bọ́ọ̀dù ni ilé-ìwé púpọ̀ mú. Àwọn àgbà á tún rántí ẹ̀rọ intro tech, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ti ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà, girama kékeré mẹ́ta, girama àgbà mẹ́ta, yunifásítì mẹ́rin) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982: ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó o dé ló dípẹtà sí.

Aránṣọ ni mí. Èèyàn kì í kọ́ gígé aṣọ nínú nóòtù. Ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á gán etí aṣọ, á rán bọ́tìnnì, á gé bébà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀, kí ọ̀gá tó gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Láàárín ìgbà yẹn ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá owó lé iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ò tíì délẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. (Ìwé wo ló ń kọ́ni nìyẹn?) Lẹ́yìn náà ni fírídọ̀mù.

Kò sí ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ onídìrí àti ti àwọn rẹwáyà, pẹ̀lú alága àti ọjọ́ ìpàdé. Kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bá wọn, kí wọ́n mú àwọn tó ti yege nínú trade test, ìdánwò tí ìjọba fi ń mọ oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́, kí wọ́n má béèrè dìgírì lọ́wọ́ wọn. Lásìkò ìsinmi, kí àwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wa máa ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, nítorí náà kí ilé-ìwé máa yọjú sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ní ká wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ọjọ́ tí mo bá wà ní kíláàsì, títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Ìbàdàn