Ẹ Já Àgádágodo Tó Wà Lẹ́nu Àtẹ̀gùn Yẹn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ìbínú ló gbé gègé lé mi lọ́wọ́, láti ọjọ́ Sátidé ni inú sì ti ń bí mi bọ̀.

Gbogbo ará Òṣogbo ló mọ àwọn ilé gogoro tó ń yọ láàárín ìlú wa báyìí, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí àárín jẹ́ ọ́fíìsì, tí àwọn kan sì ń gbé lókè pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbé àdìrẹ lọ fún oníbàárà mi kan tó ń ránṣọ ní àjà kẹrin. Lífìtì gbé wa gòkè, kò sí wàhálà. A ò tíì tú ẹrù tán tí iná fi lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kò sì pẹ́ tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, torí abẹ́ fèrèsé gan-an ni wọ́n gbé e sí. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ń wúkọ́ ṣáá. Bí ẹnì kan ṣe pariwo pé ilé ń jó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí, gbogbo wa forí lé ọ̀nà àtẹ̀gùn.

Wọ́n ti fi àgádágodo tì í pa.

Àgádágodo ńlá ni, ó ti dípẹtà, wọ́n fi ṣéènì de ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀ bí ẹni de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Páálí bísíkíìtì ni wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà náà, ó ga tó mi láyà. Wọ́n ní ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ jẹun. A dúró síbẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú. Ìyá ọmọ yẹn tú u sílẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé òdìkejì kó lè mí. Nígbà tí ọkùnrin ọ̀hún dé, ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún ló ṣí i. Orí ló yọ wá pé èéfín jẹnẹrétọ̀ lásán ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi tì í. Ó ní, "Mà, torí àwọn olè ni. Wọ́n á jí ọjà, wọ́n á gba ibẹ̀ sá lọ."

Ẹ gbọ́ o. Ní Asunción, ní orílẹ̀-èdè Paraguay, ilé ìtajà ńlá kan gbiná ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2004. Àwọn tó bọ́ níbẹ̀ sọ pé ṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nínú iná, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọjà lọ láìsanwó. Ó lé ní 300 èèyàn tó kú. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi lókè àjà kẹrin ni wọ́n sọ lọ́hùn-ún? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹni tó bá sì ń rò pé ilé tó le kì í jó, kó rántí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Àjà 26, wọ́n ṣí i ní 1965, owó kòkó àwọn bàbá wa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná mú un ní oṣù kìíní ọdún 1985, ó sì di 1992 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó yẹ kó máa yẹ ilé wò ńkọ́? Àwa tá à ń tajà nínú ìsọ̀ pákó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọ̀dà pupa kì í gbẹ lọ́wọ́ wọn tó bá di ti ìsọ̀ wa. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ilé gogoro, wọ́n á wá jókòó níbi tí wọ́n ti ń gé rìbọ́n, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Òfin ìkọ́lé orílẹ̀-èdè yìí ti wà láti 2006. Ta ló gun òkè lọ wò ó bóyá àtẹ̀gùn ṣeé gbà?

Mi ò bá ilé gíga jà. Ìlú aró ni Òṣogbo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìyá mi ti rẹ aró títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú dé ìgúnpá. Bí ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ bá wà ní àjà kẹwàá, mo máa gùn ún lọ. Àgádágodo yẹn ni mò ń bá jà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Irin kan wà tí wọ́n máa ń fi dábùú inú ilẹ̀kùn báyẹn, tó ṣe déédéé ìgbáròkó. Mo rí i ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó tí mo ti lọ pàtẹ aṣọ. Ẹrù wà lórí mi, ìdí ni mo fi tì í, ilẹ̀kùn ṣí síta, ó sì padé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹni tó wà nínú kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹni tó wà níta kò rí nǹkan dì mú tó lè fi ṣí i. Wọ́n tún so aago mọ́ ọn: bí ẹnikẹ́ni bá ti tì í, aago á ké. Olè wo ló máa gba ibẹ̀ lọ tí wọn ò ní gbọ́? Pípadé tó ń padé yẹn tún ṣe pàtàkì, torí bí ilẹ̀kùn bá ṣí kalẹ̀, èéfín á kún inú àtẹ̀gùn, èéfín ló sì máa ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi irin yìí sí gbogbo àjà, kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ títí wọ́n á fi fi í sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé lífìtì wà. Iná lọ, lífìtì dúró. Bí ilé bá sì ń jó, inú ihò lífìtì náà ni èéfín máa ń gbà gòkè.

Kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé. Kí wọ́n kó páálí kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n má jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò dí ibi tí ọkọ̀ panápaná máa gbà.

Ó ku aṣọ mẹ́rin tí mo máa gbé lọ fún oníbàárà mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti pè é lórí fóònù. Mo ní ìsàlẹ̀ ni mo máa dúró sí, kó sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á, títí wọ́n á fi já àgádágodo yẹn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláàdìrẹ kan,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.