Àkànní, bá mi dá ọmọ yìí lẹ́kun

Àjàṣẹ́,
Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní ṣebí fóònù wà, kí ni ti lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ohun tí èèyàn ń fi ohùn rán lórí WhatsApp lọ, ìwọ náà kì í sì í gbọ́ ohùn tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, má jiyàn. Jókòó kà á.

Ọmọ Ìyá Rìṣí fẹ́ ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́. Orin 22. Èèyàn 9 ló fẹ́ pè wá bá a ráàpù, méjì nínú wọn láti Kútọnu, ẹnì kan láti Èkó tí kò tíì dá a lóhùn. Ìyẹn ì bá ṣe é gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wa ní Attakè ló ti mọ̀ pé ìwọ lo máa sanwó rẹ̀ láti Marseille. Alákàrà ìkóríta ló kọ́kọ́ kí mi, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o, ọ̀rẹ́ yín ti di ọ̀gá olórin." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ṣé lóòótọ́ lo ṣèlérí? Bó o bá ṣèlérí, èló?

Ìròyìn yòókù rèé kí n tó gbàgbé: Bàbá ti ń rìn láìlo ọ̀pá, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ wa, gbówó lérí títí ariwo fi tẹ́ wa, Ràímì bí obìnrin. Ó tán.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí. Nas, olórin ráàpù ará New York, ni àwòkọ́ṣe rẹ̀, àwòrán Illmatic, àwo orin Nas àkọ́kọ́, ló lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú ọmọdé tí ilé àti títì hàn gba inú rẹ̀ yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, torí àwo tó lẹ̀ mọ́ ògiri ń bá gbogbo ohun tó ń ṣe jà. Ìbẹ̀rẹ̀ kékeré kan àti orin 9 ló wà nínú Illmatic. Gbogbo rẹ̀ kò pé 40 ìṣẹ́jú. Ọmọ 20 ọdún ni Nas nígbà tí ilé iṣẹ́ àwo orin Columbia gbé e jáde ní 19 oṣù kẹrin ọdún 1994. Àlejò kan ṣoṣo ló ráàpù níbẹ̀, AZ, nínú orin kẹta. Ẹsẹ kan àti ègbè ni wọ́n fún un, ó gbà á, ó ṣe é dé ojú àmì, ó lọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọjọ́ tó jáde ló ti di ńlá lọ́jà. Ìwé ìròyìn The Source fún un ní gbohùngbohùn márùn-ún pípé, máàkì wọn tó ga jù lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ipò 12 ló dé lórí àtẹ Billboard tó ń to àwọn àwo orin Amẹ́ríkà, àwọn ayédèrú sì ti kún ìgboro kó tó jáde. Ọdún 2001 ni wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó pé mílíọ̀nù kan. Ní 2021 ni Ilé Ìkàwé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà wá kéde pé àwọn ti kó o mọ́ ohùn tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè. Ọdún 27 lẹ́yìn tó jáde! Ọmọ wa fẹ́ kí tirẹ̀ lókìkí kí ọjọ́ Ọdún Iléyá tó pé.

Lójú tèmi, ohun tí wọ́n yọ kúrò ló jẹ́ kó pẹ́. Wo bí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ṣe kéré tó: Queensbridge, ilé ìjọba tí ìdílé tó lé ní 3,000 ń gbé, ní Queens, ìlú New York. Ojú kìíní àwo náà ń jẹ́ 40th Side North, ojú kejì ń jẹ́ 41st Side South, orúkọ òpópónà àdúgbò wọn. Kò jáde kúrò níbẹ̀. Ó ń dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò dúró ṣàlàyé ẹnì kan fún àlejò. Èèyàn á ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wọ etí ará Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tó fi wọ̀ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ lo fetí sí ògiri. Ọmọ wa ní tirẹ̀ kọ orin kan nípa Dubai.

Orin keje nínú rẹ̀, One Love, lẹ́tà ni. Ó ń kọ ọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n: ta ló bímọ, ojú ta ni ọmọ náà jọ, ta ló ń dalẹ̀, ta ni wọ́n yìnbọn fún. Títí ẹsẹ kejì á fi parí, lẹ́tà ló ń kọ. Ní ẹsẹ kẹta ló wá kúrò nídìí lẹ́tà, tó jókòó ti ọmọ ọdún 12 kan ní àdúgbò, ọmọ tó ti ń bá àwọn àgbà ṣe òwò burúkú, tó sì ń gbà á nímọ̀ràn bí ẹni tó mọ̀ pé kò ní gbọ́. Q-Tip ló ṣe ìlù rẹ̀, inú orin àwọn Heath Brothers kan ló ti gé e, ohun èlò tó sì ń dún níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mọ̀lẹ́bí agídìgbo ni. Ọmọ irin tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rántí ẹni tí èmi àti ìwọ kì í dárúkọ, ẹni tí lẹ́tà wa kò bá láyé. Jẹ́ kí n kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀bi tó wà lọ́rùn Illmatic, kí n sọ òótọ́, ni pé òun ló kọ́ àwọn èèyàn láti máa pe onírúurú aṣèlù jọ sórí àwo kan. Ṣáájú rẹ̀, ẹni kan tàbí ẹgbẹ́ kan ló sábà máa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn márùn-ún ló ṣe ti Nas: DJ Premier, Large Professor, Pete Rock, Q-Tip àti L.E.S. Ọmọ wa gbọ́ márùn-ún, ó pe mọ́kànlá. Ohun tí kò gbọ́ ni pé inú àpótí àwo kan náà làwọn márùn-ún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ń mú nǹkan. Premier gé píánò Joe Chambers, Pete Rock gé ti Ahmad Jamal, Large Professor mú Human Nature ti Michael Jackson ó sì sọ ọ́ di nǹkan tó ṣókùnkùn. Ìlù líle nísàlẹ̀, jáàsì lókè, àyè gbayawu láàárín fún ọ̀rọ̀. Mọ́kànlá ti ọmọ wa, ọ̀kan ń ṣe trap, ọ̀kan ń ṣe amapiano, ọ̀kan ń ṣe ohun tí mi ò tíì rí orúkọ fún.

Ẹ̀rọ wọn náà dá sí i. Large Professor àti Pete Rock ń lo SP-1200, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ègé ohùn láti orí àwo láti fi ṣe ìlù, tí ilé iṣẹ́ E-mu gbé jáde ní 1987. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ló lè gbà sínú lápapọ̀, bọ́tìnnì kan kò sì lè gbà ju 2.5 lọ. Bá mi ṣírò: orin tó bá ń rìn ní ìlù 84 láàárín ìṣẹ́jú kan, kíkà mẹ́rin rẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.86. Kò wọlé. Ohun tí àwọn tó ń lò ó wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan sí eré 45, wọ́n á gbà á pẹ̀lú eré yẹn, wọ́n á sì fà á padà sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Àyè 2.5 di nǹkan bíi 3.4. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n bítì 12 ni ẹ̀rọ náà ní, 26.04 kHz ló fi ń gba ohùn, ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ ni méjèèjì, bí wọ́n bá sì ti fà á gùn báyìí, ohùn á họ, yanrìn á wọ̀ ọ́, ìlù á wúwo. Ẹ̀tàn àìríná ni, ó sì di adùn.

FL Studio, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni ọmọ wa ń lò, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Èyí tó burú ni pé ó ń kó ohùn mímọ́ tónítóní jọ, ó wá ń da ariwo àwo gbígbó lé gbogbo rẹ̀ lórí, bí ẹni bu ata sórí ẹ̀wà tí kò jinná. Ariwo kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò yí padà bí ìlù ṣe ń yí. Etí mọ̀ pé irọ́ ni. Lórí ẹ̀rọ ìjọ́sí, inú ohùn kọ̀ọ̀kan ni yanrìn náà wà. Bó bá fẹ́ ẹ, kó gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè ní sémítóònù 5 àti díẹ̀, kó tún un gbà ní 26 kHz àti bítì 12, kó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní iye kan náà. Kó má ṣe ohùn ẹnu ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ohùn Nas mọ́ kedere lórí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ègbè: 40,000 sẹ́fà ni sítúdíò tó yàn ń gbà lórí orin kan, ó tún fẹ́ gba akọrin obìnrin fún ègbè mẹ́rìnlá. Nínú orin kejì Illmatic, kò sí ẹni tó kọ ègbè. Ohùn Rakim, olórin ráàpù míì, láti orí àwo míì ni Premier ń fi ọwọ́ họ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn kan náà, Nas ń sọ ọ́ létí wa pé òun kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ti gba ẹsẹ kan ní ìgbà tí kò lóǹkà, ó ti nù ún títí kò fi ní ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Bí Nas ṣe ń so ọ̀rọ̀, òun ni ọmọ wa fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ibẹ̀ ni mo ti yìn ín díẹ̀. Àmọ́ ó ń ṣe é gbòdì. Nas a máa so sílébù méjì, mẹ́ta pọ̀ láàárín ìlà, gbólóhùn rẹ̀ á sì ré òpin ìlà kọjá wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọmọ wa ń fi a pàdé a ní ìparí. Fáwẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wa sábà máa ń fi parí, ta ni kò lè ṣe ìyẹn? Ohùn ló gbọ́dọ̀ bára mu. Òjò bá òkò mu. Òjò kò bá ojo mu, bí lẹ́tà wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Mo ní kó máa fi gángan dán an wò: bí ìlà méjì bá dún bákan náà lórí ìlù láìsí ọ̀rọ̀, ó ti mú un. Ó ní àtijọ́ ni èmi.

Ti bàbá ọmọ wa tún wà níbẹ̀. O mọ̀ pé bàbá Nas ni Olu Dara. Natchez, ní Mississippi, ni wọ́n ti bí i, Charles Jones ni wọ́n sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú orúkọ tiwa. Fèrè kọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló parí orin kẹta. Ó wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sọ tiwọn tán, ó fọn ún wẹ́rẹ́, orin kú. Nígbà tí ọmọ wa gbọ́ ìyẹn, ó ní kí Bàbá Rìṣí wá lu sákárà nínú orin mẹ́fà. Bàbá ti ń fi ọwọ́ ra awọ rẹ̀. Inú wọn dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, Àkànní! Ní òpin orin kan ṣoṣo!

Ó dáa, ohun tí mò ń wá nìyí. Pè é. Kò ní gbọ́ tèmi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwọ ń bà á, tàbí ẹ̀rù owó rẹ. Má sọ pé o ò ní sanwó. Sọ pé orin 10 lo máa san fún, 400,000 sẹ́fà, kò lé kan. Kí ó fi àwọn 22 náà ránṣẹ́ sí ọ láìsí orúkọ, kí ìwọ yan 10. Kí gbogbo orin tó bá dárúkọ ìlú tí kò dé rí kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Àlejò kan. Aṣèlù mẹ́ta. Èyíkéyìí tó bá fi orin àtijọ́ ṣe, kó mú ìwé àṣẹ wá, kó sì lọ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní Kútọnu kó tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá sọkún, jẹ́ kó sọkún.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo mi náà ti kú tan. M44-7 ni orí rẹ̀, Shure kò sì ṣe é mọ́ láti 2018, ṣùgbọ́n Jico ní Japan ń ṣe abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́. N44-7 ni kó o béèrè. Má jẹ́ kí wọ́n tà ọ́ ní odindi orí, abẹ́rẹ́ nìkan ni mo fẹ́. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbé e sọ́wọ́, kó má jù ú sínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Bàbá Rìṣí àti ìyá ọmọ náà kí ọ. Wọn kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí.

Èmi ni,
Àlàó

Mo gbàgbé: bó bá jẹ́ pé o ti fowó ránṣẹ́ sí i, pè mí lónìí. Ọjọ́ Ajé ló ní òun ń wọ sítúdíò.