Kí ẹ tó gbé ọbẹ̀ dídì sínú slow cooker n'Ìbàdàn

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìdáná yín, pé kéèyàn di èròjà ọbẹ̀ sínú ọ̀rá lópin ọ̀sẹ̀, kó kó wọn sí fíríìsà, kó máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan sínú slow cooker, ìyẹn ìkòkò oníná tó ń fi ooru jẹ́jẹ́ se oúnjẹ, láàárọ̀, kó lè bá oúnjẹ nílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Inú mi dùn sí i. Fíríìjì àti fíríìsà ni mò ń tún ṣe ní Mọ́kọ́lá níbí. Aṣọ ni ìyàwó mi ń tà ní Gbági Tuntun, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó wọlé, nítorí náà èmi ni mo ń dáná lọ́pọ̀ ìgbà. Ètò yìí là ń lò nílé wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, ìlú tí iná kì í lọ ló bá mu. Ó ní ohun tó yẹ ká fi kún un fún àwa ará Ìbàdàn, torí oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ kì í ṣe ohun tá a lè fi dánra wò.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìkòkò yìí ń gbóná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fà ju nǹkan bíi 200 sí 300 wọ́ọ̀tì lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gba wákàtí mẹ́jọ kí oúnjẹ tó jinná lórí Low, ìyẹn ooru rẹ̀ tó kéré jù. Láàárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 sẹ́ńtígírédì ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i nínú ẹran. Ìkòkò orí gáàsì máa ń kọjá ibẹ̀ kíá. Slow cooker kì í yára kọjá ibẹ̀, bí ẹran bá sì dì gbagidi nígbà tẹ́ ẹ gbé e sí i, àárín rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ má ṣe ju ẹran dídì sínú rẹ̀ tààrà. Láti alẹ́ àná ni kí ẹ ti gbé e kúrò nínú fíríìsà bọ́ sínú fíríìjì, kó yọ́ níbẹ̀ mọ́jú. Kì í ṣe orí tábìlì ìdáná o.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kàn. Ká ní ẹ gbé e kaná láago méje àárọ̀, ẹ gba Dùgbẹ̀ lọ. Iná lọ láago mẹ́sàn-án, ó dé láago méjì ọ̀sán. Ẹ wọlé láago mẹ́fà, ọbẹ̀ ń ta sánsán, ẹran ti rọ̀. Kí ni yóò sọ fún yín pé ẹran yẹn ti jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí márùn-ún? Bí ẹ bá sì ní ẹ ó tún un sè, ó lè má tó, torí àwọn kòkòrò kan wà tí iná á pa wọ́n, tí iná kò sì ní rí májèlé tí wọ́n ti fi sílẹ̀ pa. Ẹni tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ ni ìlànà là sílẹ̀ fún un. Mẹ́rin tó kù ńkọ́? Ta ló mọ ìgbà tí yóò bọ́ sí? Ti Band E, wákàtí mẹ́rin péré ni, ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ mọ́ ìkòkò tó ń fẹ́ mẹ́jọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká máa gbé e kaná nígbà tí àgbàlagbà kan bá wà nílé. Bí iná bá lọ lójú rẹ̀, kó dà á sínú ìkòkò lásán lójú ẹsẹ̀, kó fi gáàsì sè é parí. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, ẹ ki aago oníná kan bọ iná pẹ̀lú rẹ̀, irú èyí tó máa ń padà sí 12:00 tó sì máa ń ṣẹ́jú bí iná bá lọ. Bẹ́ ẹ bá bá a tó ń ṣẹ́jú, tí ẹ ò sì mọ bí iná ṣe pẹ́ tó kó tó dé, ẹ da ọbẹ̀ náà nù. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ iye tí wọ́n ń ta ẹran ní Bódìjà. Ẹni tó ní ínfátà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì kan ṣoṣo 12V, 200Ah, ìyẹn olómi, kò lè gbé e fún wákàtí mẹ́jọ kó má bàjẹ́ bópẹ́ bóyá. Kó fi di wákàtí méjì mẹ́ta tí iná fi lọ, ìyẹn ló mọ.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ yí abẹ́ rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ó bá kọ 120V, ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa jẹ́ 230V. Bí ẹ bá fi í sí iná láìsí transformer, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ooru tí yóò mú jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe é fún. Kò ní pẹ́ tí yóò fi jó, ó sì lè jó ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti fíríìsà, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, òtútù ń jáde tọ̀sán-tòru, kò sì sí ọbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ kó síbẹ̀ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Fíríìsà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48 bí iná bá lọ. Èyí tó jẹ́ ààbọ̀, bíi 24. Ìdí tí mo fi máa ń ní káwọn oníbàárà mi to píọ̀ wọ́tà dí àyè tó bá ṣófo nìyẹn. Ẹ tún fi omi sínú ife, kó dì, kí ẹ gbé owó onírin kan lé e lórí, kí ẹ fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí owó náà ti rì sínú yìnyín, gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ti yọ́ tó tún padà dì. Ẹ má jẹ ẹ́.

Nípa ata: slow cooker kì í jẹ́ kí omi fẹ́, gbogbo omi tí ẹ bá dà sí i ló máa wà níbẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, ẹ bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ fi epo dín in pẹ̀lú irú, torí ìkòkò yìí kò lè bá yín dín nǹkan. Ìgbà tó bá tutù tán ni kí ẹ bù ú sínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kó má wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá náà pẹlẹbẹ, á yára dì, á sì yára yọ́. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè rẹ̀, torí omi máa ń wú bó bá dì. Ẹ̀fọ́ kì í bá wọn wọ inú ọ̀rá nílé tiwa, ìgbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná là ń já a sí i.

Mo ti gbọ́ táwọn kan ń pe obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ sí fíríìsà ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe òótọ́. Ọbẹ̀ tí àwọn ìyá wa sè, wọ́n máa ń gbé e kaná láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó má bàa kan. Kí ló dé tí ẹ̀bi fi di ti ẹni tó fi yìnyín ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó sì ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, Olótùú, bí ẹ bá tún máa kọ nípa ìkòkò yìí, ẹ kọ nípa ẹsẹ̀ màálù àti ṣàkì. Àwọn ni gáàsì ń parí sí lórí, àwọn gan-an ló sì yẹ kéèyàn fi iná jẹ́jẹ́ sè. Ẹ kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà sí i, kí ẹ sì kọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí iná bá lọ láàárín rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ fíríìjì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn